Níbo Ni Bàbá Wà? Ọ̀rọ̀ Àwọn Sójà Wa Tí Kò Padà Wálé

  Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ kà lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ omi mímu. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin kan ni, tí wọ́n jáde nílé, tí wọ́n lọ ja ogun àwọn Faransé, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́.

Ẹ wo àyíká yín. Ó lè jẹ́ ní Kétu, ó lè jẹ́ ní Pọ̀bẹ́, ní Sákétẹ́, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Ìdáàṣà. Ilé kan kì í ṣàìsí níbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ pé, "Bàbá wa àgbà kan lọ sógun, kò dé mọ́." Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tó kú sí, wọn kò mọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá ó tilẹ̀ kú, wọ́n á ní àwọn gbà pé ó kú, nítorí ọdún ti gorí ọdún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún wọn.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò bá lè gbé òkú rẹ̀ wálé, a máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀. A ó dì í, a ó gbé e wálé, a ó sì sin ín bí ẹni pé òun gan-an ni a sin. Ta ni yóò gé irun ẹni tí a kò mọ ibi tó wà? Bí a bá ṣe òkú rẹ̀, tó bá wá wọlé lọ́la ńkọ́? Bí a kò bá sì ṣe é, ta ni yóò sọ pé ó sinmi? Ìyàwó rẹ̀ kò di opó, kò sì ní ọkọ nílé. Àwọn ọmọ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n pín oko tàbí kí wọ́n dúró. Ọgbẹ́ tí kò jinná ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A sì máa ń jogún rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe kó wọn lọ? Ní oṣù Kejì ọdún 1912, ìjọba Faransé ṣe òfin kan pé kí wọ́n máa mú àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ṣe sójà, wọ́n fẹ́ wọn kò fẹ́ wọn. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, òfin náà le sí i. Ìjọba á sọ iye ènìyàn tí wọ́n ń fẹ́ fún kọ̀máńdà tó ń ṣàkóso agbègbè. Kọ̀máńdà á pín in fún àwọn olóyè. Olóyè á pín in fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn olóyè kan mú ọmọ wọn pamọ́, wọ́n fi ọmọ ẹrú tàbí ọmọ àlejò dí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: ẹlòmíràn wà tó wọ iṣẹ́ sójà pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò kàn dákẹ́. Ọ̀pọ̀ dìde lóru, wọ́n gba ọ̀nà igbó, wọ́n kọjá ààlà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tó jẹ́ Nàìjíríà báyìí. Àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ pé arúgbó àti ọmọdé nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde ìjà ní 1914 àti 1915, nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ tipátipá, àti nítorí ọmọ tí wọ́n ń kó lọ. Ní àríwá, ní ilẹ̀ Bàrìbá, Bio Guéra kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó dojú kọ àwọn Faransé. Wọ́n pa á lójú ìjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1916. Ẹni tó bá dé Kútọnu lónìí yóò rí ère rẹ̀ lórí ẹṣin nítòsí pápákọ̀ òfurufú.

Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n kó wá sí etí òkun. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òun ló sì gbé àwọn ará òkè wá sí Kútọnu. Kútọnu ìgbà náà kò ní èbúté bíi ti òní. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí èbúté. Afárá gígùn kan ló wà nígbà náà tí àwọn Faransé kọ́ wọ inú òkun, tí wọ́n ń pè ní wharf. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì. Láti orí afárá yẹn ni wọ́n ti ń sọ ènìyàn kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, kí wọ́n tó wà wọ́n lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú agbami. Ẹ ro ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Àwọn Faransé pe gbogbo wọn ní tirailleurs sénégalais, ìyẹn "sójà ìbọn láti Sẹ̀nẹ̀gàl". Kò kàn wọ́n bóyá o jẹ́ ọmọ Kétu tàbí Fọ̀n tàbí Bàrìbá tàbí Mòsí: Sẹ̀nẹ̀gàl ni gbogbo yín. Orúkọ yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìsọnù.

Nínú ogun 1914 sí 1918, àwọn tí wọ́n kó láti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí 200,000. Ní 1918 nìkan, Blaise Diagne, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, wá yí ilẹ̀ ká fún ìjọba Faransé, ó sì rí nǹkan bí 63,000 kó jọ. Ó ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá ja ogun náà, ìyà yóò dín. Nínú gbogbo àwọn tó lọ, nǹkan bí 30,000 ni kò padà.

Kí ló ṣe wọ́n? Gbogbo wọn kọ́ ni ìbọn pa. Ní ìgbà òtútù 1916 sí 1917, wọ́n kó àwọn sójà aláwọ̀ dúdú sí àgọ́ kan ní Courneau, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ilẹ̀ náà rẹ̀, omi dúró síbẹ̀, òtútù wọ egungun. Àìsàn àyà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ó lé ní 900 àwọn sójà wa tí wọ́n sin sínú igbó ibẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n rí ojú ọ̀tá. Àwọn mìíràn wà tí bọ́ǹbù ńlá bò mọ́lẹ̀ nínú kòtò ogun ní àríwá, tí kò ku ohun tí a lè sin. Ní Douaumont, nítòsí Verdun, ilé kan wà tí wọ́n kó egungun àwọn tí a kò mọ̀ sí. Egungun nǹkan bí 130,000 ènìyàn ló wà níbẹ̀, ti Faransé àti ti Jámánì, tí ẹnikẹ́ni kò lè yà sọ́tọ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Afrique. Ogun ti parí. Oṣù Kíní ọdún 1920 ni. Ọkọ̀ náà gbéra ní Bordeaux, ó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa. Sójà aláwọ̀ dúdú 192 wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ja ogun tán, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, ilé ni wọ́n ń bọ̀. Ìjì mú ọkọ̀ náà ní òru ọjọ́ 11 sí 12 oṣù náà, kò jìnnà sí etíkun ilẹ̀ Faransé. Ó rì. Ènìyàn 568 ló kú, 178 nínú wọn sì jẹ́ àwọn sójà wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń retí ọmọ rẹ̀ ní abúlé gbọ́ pé ogun ti parí, ó gbọ́ pé ọmọ lágbájá ti dé, ó ń wo ọ̀nà. Ta ni yóò wá sọ fún un nípa ìjì?

Ogun kejì dé ní 1939. Wọ́n tún kó àwọn ọmọ wa. Ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà 1940, àwọn Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà tí wọ́n bá mú sójà Faransé aláwọ̀ funfun, wọn a kó o lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọn a yìnbọn pa á. Ìpakúpa ni, kì í ṣe ogun mọ́. Ní Chasselay, nítòsí ìlú Lyon, ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù Kẹfà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe. Ọkùnrin Faransé kan, Jean Marchiani, kó òkú àwọn sójà náà jọ láti inú oko àti ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ra ilẹ̀, ó mọ ògiri pupa yí i ká bíi ti ilé àwọn ènìyàn ilẹ̀ Súdàn àtijọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1942. Ibojì 196 ló wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, "ẹni tí a kò mọ̀" ni wọ́n kọ. Ní 2022, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti tú ìwé fún ọdún pípẹ́, wọ́n fi orúkọ ènìyàn 25 sára ògiri níbẹ̀. Ọgọ́rin ọdún ó lé méjì kọjá kí ẹni 25 tó ní orúkọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Ọ̀jọ́. Àjàyí ni bàbá rẹ̀. Ìlú Kétu ni wọ́n ti wá. Wọ́n mú un dé iwájú akọ̀wé Faransé. Akọ̀wé béèrè orúkọ. Ògbufọ̀ tó dúró láàárín lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọ̀jọ́ dáhùn. Akọ̀wé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Àwọn Faransé kò ní ọ̀ bí tiwa, wọn kò ní ṣ, wọn kò ní gb. Ọ̀jọ́ di Odjo. Àjàyí di Adjayi, ní ibòmíràn Adjaï. Bí orúkọ rẹ̀ bá ní ṣ nínú, ch ni wọ́n á fi kọ ọ́. Bí ó bá ní gb, wọ́n lè fi b nìkan kọ ọ́. Kétu di Kétou. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Wọ́n wo eyín rẹ̀ àti àyà rẹ̀, wọ́n kọ "a bí i ní nǹkan bí 1895". Bàbá wa kò ní orúkọ ìdílé bíi ti àwọn Faransé, nítorí náà orúkọ ìlú tàbí orúkọ olóyè ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé fún àwọn mìíràn.

Nígbà tí wọ́n yí i lọ sí ẹgbẹ́ ogun mìíràn, akọ̀wé mìíràn tún un kọ. Odjo lè di Hodio. Nígbà tó kú tàbí tó sọnù, akọ̀wé kẹta kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan. Bí ìwé kan bá sì wá sí Dàhòmì, gẹ́gẹ́ bí orúkọ orílẹ̀-èdè wa ṣe rí nígbà náà, ọ̀dọ̀ kọ̀máńdà ló wá. Kọ̀máńdà ń wá ìdílé Hodio ní abúlé tí kò sí Hodio kankan. Ó kọ èsì pé òun kò rí wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyá Ọ̀jọ́ ń ta èkuru ní ọjà tó wà ní iwájú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin náà lè má sọnù rárá. Ó lè ní ibojì, ó lè ní káàdì, wọ́n tilẹ̀ lè ti kọ ọjọ́ tó kú sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló sọnù. Láàárín ìyá tí kò mọ ìwé àti akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè, ọmọ ènìyàn kan pòórá.

Ìsọnù mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti àṣìkọ. Èyí ni ti Thiaroye, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí Jámánì mú ní 1940, ọ̀pọ̀ wọn kò gbé lọ sí Jámánì. Wọ́n há wọn mọ́ àgọ́ ní ilẹ̀ Faransé fún ọdún mẹ́rin. Lára àwọn tí Jámánì mú ni Léopold Senghor tó wá di Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n gba Faransé sílẹ̀ ní 1944, ìjọba fẹ́ dá wọn padà sílé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1944, ọkọ̀ kan gbé àwọn tó lé ní 1,000 kúrò ní Morlaix. Àwọn kan kọ̀ láti wọ ọkọ̀ náà, wọ́n ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ san owó àwọn. Ọjọ́ 21 oṣù náà ni àwọn ìyókù dé Dakar. Wọ́n kó wọn sí àgọ́ Thiaroye, lẹ́bàá ìlú náà. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl wà nínú wọn, ọmọ Súdàn Faransé, ti Ivory Coast, ti Upper Volta, ti Guinea. Ọmọ Dàhòmì náà wà níbẹ̀.

Owó oṣù ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi wà ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń béèrè. Owó tó tọ́ sí wọn ni, òfin Faransé fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun sọ pé kí wọ́n máa lọ sí abúlé wọn, wọn yóò rí i gbà níbẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ènìyàn bá tú ká sí abúlé, owó náà ti lọ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1944, àwọn ológun pẹ̀lú ọkọ̀ ogun yí àgọ́ náà ká, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n.

Mélòó ló kú? Ìwé ìjọba ìgbà náà ní 35. Ìwé mìíràn ní 70. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó ti tú ìwé náà wò, bíi Armelle Mabon, sọ pé iye náà lé ní 300. Wọ́n sin wọ́n láìkọ orúkọ. Nínú àwọn tó yè, wọ́n mú 34 lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kẹta 1945, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n; ẹ̀yìn náà ni wọ́n dárí jì wọ́n. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí wọ́n jẹ lówó ló lọ sẹ́wọ̀n. Wọn kò fún àwọn ìdílé àwọn tó kú ní ìwé ikú. Wọn kò fún wọn lówó. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni wọn ti dé Dakar.

Ẹnì kan nínú wọn ń jẹ́ M'Bap Senghor. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó kú. Ìwé ìjọba kọ bàbá náà sílẹ̀ bí ẹni tí kò padà dé, wọ́n tilẹ̀ kà á sí ẹni tó sá kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Ọmọ náà dàgbà, ó di arúgbó, kò dẹ́kun bíbéèrè. Ó kọ ìwé sí ìjọba, ó lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba Faransé jẹ́wọ́ pé bàbá rẹ̀ àti àwọn márùn-ún mìíràn "kú fún Faransé". Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà náà jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹnì kan jẹ́ ti Ivory Coast, ẹnì kan jẹ́ ti Burkina Faso. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Macron kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Faye ti Sẹ̀nẹ̀gàl, ó sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye ní ìpakúpa. Ọgọ́rin ọdún ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Mi ò mọ̀ bóyá "kú fún Faransé" ni orúkọ tó yẹ ẹni tí Faransé yìnbọn pa. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ṣùgbọ́n ìwé ni, ìdílé sì lè gbé e dání.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Sẹ̀nẹ̀gàl yan àwọn onímọ̀ ìtàn, Mamadou Diouf ló ṣáájú wọn. Ní 2025 àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀ ní ibojì àwọn ológun ní Thiaroye, wọ́n rí egungun, wọ́n rí ọta ìbọn pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà wọ́n gbé ìwé wọn fún Ààrẹ. Títí di ìgbà náà, kò sí ìwé kankan tó to orúkọ gbogbo àwọn òkú Thiaroye. Nínú àwọn tí a kò tíì dárúkọ, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilẹ̀ wa wà.

Kì í ṣe Faransé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà lọ jà fún Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́má ní 1943 sí 1945. Ní Taukkyan, ní ilẹ̀ Bọ́má, ògiri kan wà tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 ènìyàn sí, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Orúkọ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé láti ogun àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000 ènìyàn ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò rántí wọn rárá. Ìlà-oòrùn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn ọ̀gá ìgbà náà rò pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò nílò òkúta ibojì.

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ni a ó fi orúkọ òkú ṣe?" Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀ nígbà kan. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú sógun ní ẹ̀tọ́ sí owó, ṣùgbọ́n àfi kó ní ìwé tó sọ pé ọkọ náà kú. Ìyàwó ẹni tó sọnù kò ní ìwé, kò sì rí owó. Àwọn sójà tó padà dé pàápàá, òfin Faransé ti oṣù Kejìlá 1959 so owó ìfẹ̀yìntì wọn mọ́ ojú kan. Ti àwọn ará Faransé ń gòkè lọ́dọọdún, tiwa dúró gbọin. Láti 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó sì di 2011 kí ìyókù tó dọ́gba. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó náà ti kú kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ní 1977, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Geneva, wọ́n fi kún òfin ogun pé àwọn ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni wọn. Wọn kò sọ pé ìdílé olówó. Wọn kò sọ pé ìdílé aláwọ̀ funfun.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọnù nínú ilé yín, ẹ lè béèrè. Ìjọba Faransé ti gbé káàdì àwọn sójà tó kú nínú ogun 1914 sí 1918 sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2003. Mémoire des hommes ni orúkọ ibẹ̀. Káàdì náà lé ní 1,300,000, ti àwọn tí wọ́n kó láti Dàhòmì sì wà nínú rẹ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ọmọ yín tó ń lo fóònù lè bá yín wá a. Ní ìlú Pau àti ní ìlú Caen, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n kó ìwé àwọn sójà mìíràn sí, ti ogun kejì náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní Geneva ní ìwé àwọn tí ọ̀tá mú lójú ogun, àwọn náà kì í gba owó. Nílé níbí, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìwé àwọn kọ̀máńdà àtijọ́ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ńlá kí òun tó bá yín wá òkú yín, ẹ máa wò ó tìfuratìfura.

Kí ẹ tó lọ béèrè, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé, nítorí àwọn náà kò ní pẹ́ títí. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé tí ẹ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún un. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń pè é. Ẹ kọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́, oríkì rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ abúlé, àti ti ìlú ńlá tí abúlé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ olóyè tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n mú un. Bí ó bá lọ dípò ọmọ olóyè, ẹ kọ orúkọ ẹni tó lọ dípò rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ òun ló wà lórí káàdì. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ṣé kí àrùn ńlá tó jà ní 1918 tó dé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí àpótí kan bá wà nílé tí ìwé àtijọ́ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ irin àwọn sójà wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún kọ orúkọ kan náà ní gbogbo ọ̀nà tí Faransé lè gbà kọ ọ́. Ọ̀jọ́, Odjo, Hodjo, Hodio. Àjàyí, Adjayi, Adjaï, Adiayi. Ẹ má kánjú. Ẹ pè é sókè bí ẹ ti ń kọ ọ́, kí ẹ fi etí akọ̀wé Faransé gbọ́ ọ. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn kan náà, ẹ fi àmì sí i, kí ẹni tó ń wò ó lórí fóònù wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.